Pupa Tí Mo Rí Ní Àtẹ́lẹwọ́ Ọmọ Mi

Mò ń di èèpo ọkà bàbà fún ìyá oníwàrà kan ní ọjà Bàsílà nígbà tí pọ́táàbù mi dún. Fúlàní ni ìyá náà, apá Pénéṣúlù ló ti ń wá, èmi àti òun kì í sì í ná ọjà láì bú ara wa díẹ̀. Ó ti gbé ìdì kan sétí, ó ń mì ín bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.

"Ìyá aláwọ̀ pupa, ti èṣí nìyí. Ó ti gbẹ ju ẹsẹ̀ mi lọ."

"Ti ọdún yìí ni, Ìyá. Ẹsẹ̀ yín ni ti èṣí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé pọ́táàbù náà sétí. Ohun tí kò tíì kúrò lára mi títí di òní nìyẹn, pé ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi.

Ìyá ọkọ mi ló pè. Obìnrin yìí kì í sọ ohun kankan láì kọ́kọ́ béèrè ilé, kí ó béèrè ọ̀nà, kí ó béèrè oorun tí mo sùn. Lọ́jọ́ náà kò kí mi. Ariwo afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí ohùn rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Ìyá kékeré ti dákú. A ti wà lórí alùpùpù. Máa lọ ilé ìwòsàn, à ń bọ̀ wá bá ọ níbẹ̀."

"Ìyá, ṣé ó ń mí?"

"Mo ní kí o máa lọ!"

Ìyá kékeré ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iwájú orí rẹ̀ jọ ti ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀ lórí ẹní ní Mánígìrì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, mo ní tí mo bá ti ọjà dé a ó rí i.

Mo wo ẹrù mi, mo wo ìyá oníwàrà. "Lọ, lọ, mo ń bá ọ ṣọ́ ọ," ó wí. Kò bú mi mọ́.

Mo dé ilé ìwòsàn ṣáájú wọn. Ọ̀nà Mánígìrì kò jìn, ọ̀dà ni wọ́n dà sí i, àmọ́ gbogbo alùpùpù tó yọ lọ́jọ́ náà ló ń gbé ọmọ ẹlòmíràn. Mo dúró lábẹ́ igi kan nítòsí ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ fi ọwọ́ bojú, mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ mi pupa, pupa tó ti wọ inú ìlà ọwọ́, tí ọṣẹ kì í ṣí. Mo ká ọwọ́ náà pọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí pupa náà jẹ́. Ọkà bàbà kan wà tí à ń gbìn sí eteetí oko iṣu wa. Oúnjẹ kọ́ ni a ń wá lára rẹ̀, èèpo tó so mọ́ pòròpórò rẹ̀ ni. Tí a bá sá èèpo yìí gbẹ, tí a rún un sínú omi gbígbóná tó ní kàǹún, omi náà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníwàrà ń fi í se wàrà wọn kí ara rẹ̀ lè pupa, kí ó má sì tètè bàjẹ́. Àwa ń fi í se ẹ̀kọ mímu, a ń fi í fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, a ń fi í fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìyá mi mu ún nígbà oyún mi. Èmi náà mu ún nígbà oyún Ìyá kékeré. N kò mọ ìgbà kan tí n kò mọ̀ ọ́n.

Èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò ni tuntun. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tó ń gbé Pàràkú báyìí, ló kó o wá. Hóró ni wọ́n rọ ọ́ sí, hóró tó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyẹ̀fun pupa sì wà nínú rẹ̀. Mo já ọ̀kan, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Ọkà bàbà wa ni! Ohun tí à ń rún lẹ́yìnkùlé ti di ohun inú ìgò, wọ́n sì kọ Faransé yí i ká. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa bá òun tà á ní Mánígìrì, torí pé àwọn obìnrin á gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

N kò ní parọ́, inú mi dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bákì, ìdánwò àṣejáde girama, tí n kò yege. Láti ìgbà náà, ìwé tí mo kà kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni, àfi láti ka lẹ́tà ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo wá rí "antioxydant" lára ìgò, ọ̀rọ̀ gígùn tí olùkọ́ wa kọ sójú pátákó nígbà kan, ó dà bí ẹni pé wọ́n pè mí lórúkọ. Olùkọ́ náà ti sọ pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí gan-an ní bí ó ṣe ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti pé ohun tó ń fún ewé àti èso ní àwọ̀ lè máa dí ìbàjẹ́ yẹn lọ́wọ́.

Mo kó àwọn obìnrin agbo ilé jọ. Ọ̀sán ni, a ń bó iṣu lọ́wọ́. Mo mú ègé kan tí wọ́n ti gbàgbé síta, mo gbé e sókè.

"Ẹ wò ó. Kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi dúdú?"

"A ò rì í sómi," ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi dáhùn. Ó lóyún, oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn.

"Afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa ṣe ń dúdú nínú láì jẹ́ pé a rí i. Àwọ̀ pupa yìí, òun ni omi tí a ó rì í sí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi na ọwọ́ kíákíá. "Ìyálé mi, ẹ fún mi ní tèmi. Iṣu tèmi kò ní dúdú o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ka ara ìgò fún wọn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ ọ́ pé àfikún oúnjẹ ni, pé kò lè rọ́pò oògùn, pé kò wà fún ọmọdé, mo kà á nínú ọkàn mi, mo sì gbé e mì. Mo ní gbogbo ìgò ló ń ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí. Mo ní ọkà bàbà ṣáà ni. Ta ni ọkà bàbà pa rí?

Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, ibà sì wà káàkiri. Ó mú Ìyá kékeré, ó fi í sílẹ̀, ó tún padà. Lẹ́yìn èyí ọmọ náà kò sáré ṣeré mọ́. Mo rí i tí ó ń lá ara ògiri bí ewúrẹ́, mo nà án lọ́wọ́. Mo ń fún un ní omi ọkà bàbà láàárọ̀, mo ń tú hóró kan sínú ẹ̀kọ rẹ̀ lálẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, ó rẹ̀ mí." Mo ní, "Jẹ pupa rẹ, á tán."

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣì wù ú ni pé kí ó jókòó ti agbada aró, kí ó máa bá mi rún èèpo. Ìjókòó ni wọ́n ń ṣe é, kò gba agbára. Bí ó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sí i ló ń pẹ́ sí i nídìí agbada náà, bí ó sì ṣe ń pẹ́ sí i nídìí rẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń pọ́n sí i. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń bomi sí i.

Wọ́n ti kọ́ wa níbi tí a ti ń wọn ọmọ pé kí á máa la àtẹ́lẹwọ́ ọmọ wò, kí á sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ wò, tí wọ́n bá funfun kí á má jáfara. Ìyá kékeré kórìíra kí n fa ojú òun. Ó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Mo fi ojú sílẹ̀, ọwọ́ ni mo ń wò.

Ìyá ọkọ mi ti béèrè. "Ìyàwó, ọmọ yìí ò le tó. Ṣé kí á má gbé e lọ?"

Mo la ọwọ́ ọmọ náà fún un. "Ẹ wò ó, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀."

Ó tẹ orí ba, ó wò ó dáadáa. "Ó pupa lóòótọ́," ó wí. "Ìwọ lo kàwé."

Ibi tí mo ro ìrònú dé nìyí nígbà tí alùpùpù wọn yọ. Ìyá ọkọ mi pọn ọmọ náà sẹ́yìn, ó fi ìró méjì gbá a mọ́ra, orí ọmọ sì ń mì sọ́tùn-ún sósì. Kò dúró kí awakọ̀ dá ẹsẹ̀ alùpùpù kalẹ̀ kí ó tó sọ̀. Mo gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń mí. Àmọ́ ó ń mí kíákíá, bí adìyẹ tí oòrùn pa.

Obìnrin olùtọ́jú kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Ẹ̀yà Anii ni obìnrin náà, Faransé la fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó la ọwọ́ ọmọ náà. Ó dúró. Ó tún un là. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ tèmi tí mo fi di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ọmọ mi sílẹ̀.

Ó funfun. Ó funfun bí inú iṣu. Kò sí pupa kankan níbẹ̀.

"Kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ yìí?"

"Aró ni. Ti ọkà bàbà."

"Kí lẹ ti ń fún un?"

Ìgò kan wà nínú àpò mi, èyí tí mo fẹ́ tà lọ́jọ́ náà. Mo gbé e fún un. Ó yí i po, ìka rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀, lórí lẹ́tà tín-ín-tín yẹn.

"Ṣé ẹ mọ̀wé kà?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

Ó dá ìgò náà padà fún mi, ó yíjú sí ọmọ. Ì bá tilẹ̀ bú mi.

Wọ́n gún ọmọ níka, wọ́n rí kòkòrò ibà. Wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kíákíá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu wà nílẹ̀, wọn kò ní dúró de wa, àmọ́ kí ẹnìkan nínú ẹbí fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ mìíràn. Mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n gún èmi náà níka, wọ́n wò ó, ọkùnrin tó wò ó sì mi orí.

"Ẹ̀yin náà kò ní ẹ̀jẹ̀ tó, Madáàmù. Ẹ ò lè fún ẹnikẹ́ni."

Oṣù méjì ni mo ti ń gbé hóró pupa mì ní méjì méjì lójúmọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó béèrè ohun tí wọ́n wí, mo sọ ọ́ fún un. Ó wò mí títí.

"Ẹ̀jẹ̀ tí o ń tà fún gbogbo ayé," ó wí, "o ò wá rí tìrẹ bù nínú rẹ̀?"

Mo rò pé n kò ní lè gbójú sókè mọ́ láé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tú ìró kan nínú méjì tí ó fi pọn ọmọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Kúrò lórí símẹ́ǹtì," ó wí. Ìyẹn nìkan. A jókòó lórí ìró kan náà, èmi àti òun, a ń wo ọmọ.

Ọkọ mi dé láti oko kajú, èèmọ́ ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé ó ti mọ èèyàn?" Mo ní rárá. Ó lọ na apá fún wọn. Nígbà tó padà, kò bi mí ní ohunkóhun, kò sì tíì bi mí títí di òní. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí ó bi mí.

Mo wo ẹ̀jẹ̀ náà bí ó ṣe ń kán, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Mo ti rò pé mo mọ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Omi ọkà bàbà mi mọ́lẹ̀, ó ń dán, ó dùn ún wò. Èyí dúdú, ó wúwo, kò jọ pupa tèmi rárá.

Ọmọ náà la ojú nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ sọ. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún, ó sì bú ọmọ náà pọ̀ mọ́ ẹkún: "Ìwọ ìyá àgbà yìí, o fẹ́ pa mí lọ́jọ́ ogbó mi!"

Lọ́jọ́ kejì mo bi obìnrin olùtọ́jú náà bóyá májèlé ni mo fún ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èyí tí n kò retí.

"Èmi náà ń jẹ wàrà pupa. Oúnjẹ ni. Ó lè ṣe ara láǹfààní, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ kòkòrò ibà ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín. Bí ẹ bá ń bu iṣu kún àká tí olè wà nínú rẹ̀, ta lẹ ń bọ́?"

Nígbà tí a padà dé Mánígìrì, ilé ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ yà. Oyún rẹ̀ ti hàn dáadáa. Mo ní kí ó mú ìgò náà wá, kí ó sì mú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un níbi ìtọ́jú aláboyún. Ìgò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oògùn aláboyún ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ó kù bí wọ́n ṣe fún un.

"Tiyín pupa ju tiwọn lọ," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni."

Mo kúnlẹ̀. Ìyálé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó kékeré, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dìde kúrò níwájú mi. Mo ka ìlà ìsàlẹ̀ yẹn fún un lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀, ní Faransé, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó wo ìlà náà. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ìyálé mi, èwo ni kí n gbàgbọ́? Ìwé tí ẹ kà nígbà yẹn ni, àbí èyí tí ẹ ń kà báyìí?"

Mo ní kí ó jẹ́ kí á jọ lọ sí Bàsílà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun á rò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rò ó kí ó tó tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Kò tíì bímọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo máa ń la ojú lóru, mo ń fetí sí apá ilé wọn.

Àwọn yòókù, mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà obìnrin kan kọ̀ láti dá tirẹ̀ padà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lò ó ni orúnkún òun kò ti dun òun mọ́, kí n má wá fi ọ̀ràn ọmọ mi ba orúnkún òun jẹ́. Mo ní kí ó má ṣáà fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi ọ́?"

Mo ṣì ń ta èèpo. Àwọn oníwàrà ń lò ó, wàrà kò sì ṣẹ̀ mí. Ìgò ni mo dá padà fún ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá kékeré jókòó sí àárín ẹsẹ̀ mi ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ fọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Pupa náà kò fẹ́ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣí, bí awọ tuntun ṣe ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, Ìyá àgbà ní ẹ̀jẹ̀ Bàbá ni wọ́n bù sí mi lára."

"Ti ẹlòmíràn ni wọ́n bù sí ọ. Bàbá rẹ ló fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ mìíràn."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń fọ pupa mi dànù? Ṣé òun kọ́ ló wò mí sàn?"

Mo dá ọwọ́ dúró. Ó rọrùn láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n kò kọ́ mi pé ìyá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo yí i padà kí ó lè kọjú sí mi.

Mo ní: "Rárá, ìyá mi. Pupa yìí kò wò ọ́ sàn. Ó rẹ̀ ọ́, o sì sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ọwọ́ rẹ ni mo ń wò, aró tèmi ni mo sì ń rí níbẹ̀. Ojú rẹ ló yẹ kí n wò, ẹkún rẹ ni mo sá fún. Má bínú sí mi. Láti òní lọ, tí mo bá ní kí o jẹ́ kí n fa ojú rẹ wò, kí o ké dáadáa, màá sì wò ó. Tí ó bá sì tún rẹ̀ ọ́, má jókòó ti agbada nítorí tèmi. Wá sọ fún mi. Tí mi ò bá gbọ́, lọ sọ fún Ìyá àgbà. Tí òun náà ò bá gbọ́, bọ́ síta, kí o pariwo títí ẹnìkan á fi gbọ́."